Ìdìde Mẹ́sàn-án Lórí Àga: Àkọsílẹ̀ Àǹtí Kan Tó Bẹ̀rẹ̀ Eré Ìdárayá

Ọjọ́ tí àǹtí yìí kọ́kọ́ wá bá mi, kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ nǹkan kan, wọ́n wá sọ fún mi pé àwọn ò lè ṣe eré ìdárayá ni. Wọ́n jókòó, wọ́n gbé báàgì lé itan, wọ́n ní "Kóòṣì, mo ti gbìyànjú ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló já mọ́ mi lọ́wọ́, ọ̀rẹ́ mi ló ní kí n ṣáà wá rí ẹ." Mo rẹ́rìn-ín, mo fún wọn lómi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe irú iṣẹ́ kóòṣì eré ìdárayá tí mò ń ṣe yìí ni mò ń kọ èyí fún, àti ẹni tó bá ń rò ó lọ́wọ́ láti bẹ̀rẹ̀, torí ọ̀rọ̀ àǹtí yìí yí bí mo ṣe ń ṣiṣẹ́ padà, mo sì ṣe àṣìṣe nínú ẹ̀ tí mi ò ní fi pa mọ́.

Ẹni ọdún 43 ni wọ́n, iṣẹ́ ọ́fíìsì ni wọ́n ń ṣe, láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ orí àga ni. Kílò 96, gíga wọn mítà 1.64, ìyẹn fi BMI wọn (nọ́ńbà tí wọ́n fi ń wo bí èèyàn ṣe wúwo tó sí gíga ẹ̀) sí nǹkan bíi 35.7, bẹ́ẹ̀ láti 30 lọ sókè ni àwọn dókítà ti ń pè é ní ìsanrajù. Mo fi téèpù wọn ìbàdí wọn yíká ikùn, sẹ̀ǹtímítà 109, fún obìnrin tó bá ti kọjá 88 ewu àrùn ọkàn àti àtọ̀gbẹ ti ń ga gan-an nìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru díẹ̀, wọ́n ń lo oògùn sí i, torí ẹ̀ mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ lọ bi dókítà wọn kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Dókítà ní kò séwu, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní pẹ̀lẹ́, kí wọ́n má sì di èémí mọ́nú tí wọ́n bá ń gbé nǹkan. Ẹ má fojú kékeré wo ìyẹn o, èèyàn tó bá sé èémí tó ń fipá gbé ẹrù, ńṣe ni ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ máa ń fò sókè lójú ẹsẹ̀.

Mo ní kí wọ́n sọ ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn fún mi, kí wọ́n má fo nǹkan kan. Ti àkọ́kọ́, eré sísá ni, ìdájí-ìdájí, nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹsàn-án ojúgun ń ta wọ́n bíi pé wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ gún un, wọ́n pa á tì. Ìkejì, wọ́n forúkọ sílẹ̀ ní jíìmù kan, kóòṣì ibẹ̀ lò wọ́n fún wákàtí méjì gbáko lọ́jọ́ àkọ́kọ́, odindi ọjọ́ mẹ́rin ni wọn ò fi lè jókòó sí tọ́yílẹ́ẹ̀tì láìdi ògiri mú (ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹni tó ti ṣe é rí ló mọ̀). Ìkẹta, fídíò orí fóònù, kí wọ́n máa fò sókè fún ìṣẹ́jú 45 lójoojúmọ́ fún ọjọ́ 21, ọjọ́ kẹfà ni wọ́n da fóònù dojú bolẹ̀ tí wọ́n lọ sùn.

Wọ́n wá ní "Ṣé o rí i, ọ̀lẹ ni mí." Mo ní rárá mà, mi ò rí ọ̀lẹ kankan nínú ohun tẹ́ ẹ sọ yìí. Ọ̀lẹ kì í jí ní ìdájí lọ sáré fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ohun tí mo rí ni ẹni tó máa ń gbé ẹrù tó ju agbára ẹ̀ lọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, tí ẹrù náà á wá wó lé e lórí, á sì gba ẹ̀bi ẹrù. Ara tí ò ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí máa ń ro gan-an, ríro yẹn sì máa ń le jù láàárín wákàtí 24 sí 72 lẹ́yìn iṣẹ́, ìyẹn ni pé ọjọ́ tó yẹ kéèyàn padà wá gan-an ni ara ń pariwo jù.

Mo wá gbé àga kan síbi ògiri. Mo ní kí wọ́n ká ọwọ́ mọ́ àyà, kí wọ́n máa dìde kí wọ́n máa jókòó, mo wo aago fún ìṣẹ́jú àáyá 30. Mẹ́sàn-án. Èyí tó kẹ́yìn, wọ́n fi ọwọ́ ti itan kí wọ́n tó lè dìde. Púṣọ́ọ̀pù ara ògiri, méje. A rìn fún ìṣẹ́jú mẹ́fà, wọ́n lè bá mi sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí mo bá ní kí wọ́n kọrin, orin náà ò ní jáde, ibẹ̀ yẹn ló sì yẹ kó wà fún ìrìn tó dáa. Mo kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀.

Ètò tí mo fún wọn kéré débi pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ bínú. Ìgbà méjì lọ́sẹ̀, nǹkan márùn-ún péré: dídìde lórí àga tí mo to tìmùtìmù méjì lé kó lè ga díẹ̀, púṣọ́ọ̀pù ara ògiri, rọ́bà tí wọ́n á fà sí àyà, kí wọ́n dùbúlẹ̀ kí wọ́n máa gbé ìdí kúrò nílẹ̀, àti kí wọ́n gbé báàgì méjì tó wúwo díẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún àti òsì kí wọ́n fi rìn lọ rìn bọ̀. Mẹ́jọ-mẹ́jọ ni wọ́n á ṣe é, sẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, ìyẹn ni pé wọn ò ní tún mẹ́jọ náà ṣe, wọ́n á dúró nígbà tó bá ṣì ku bíi méjì tàbí mẹ́ta tí wọ́n lè ṣe. Ìṣẹ́jú 18 ló gbà wá. Lẹ́yìn náà, ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójoojúmọ́ tí wọ́n bá ti tibi iṣẹ́ dé, kí ìdí wọn tó kan àga. Mo tẹnu mọ́ ọn dáadáa, kí ìdí tó kan àga, torí ẹni tó bá ti jókòó ti lọ nìyẹn.

Wọ́n ní "Ṣé torí èyí ni mo ṣe wá? Mi ò tíì làágùn."

Mo ní mo mọ̀ mà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìlànà á ti máa sọ pé èyí ò tó, òótọ́ sì ni, Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ ọ́ lọ́dún 2020 pé ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀ ló yẹ kí àgbàlagbà fi ṣe ìrìn tàbí eré tó mọ níwọ̀n, pẹ̀lú iṣẹ́ tó ń mú iṣan le ní ọjọ́ méjì ó kéré tán. Ìrìn ìṣẹ́jú 70 lọ́sẹ̀ ò dé ìdajì ẹ̀ pàápàá. Ṣùgbọ́n àjọ yẹn kan náà sọ pé díẹ̀ sàn ju òfo lọ, àti pé kéèyàn bẹ̀rẹ̀ látorí kékeré. Ibi tí à ń lọ ni 150 yẹn, èmi ò fi í ṣe ẹnu ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ n dúró díẹ̀ lórí dídìde lórí àga yẹn, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ kóòṣì ti ń sáré. Bí wọ́n ṣe ń jókòó tẹ́lẹ̀, ńṣe ni wọ́n máa ń já lulẹ̀ bí àpò, orúnkún méjèèjì á sì wọlé síra wọn. Mo ní "Ẹ fi ìdí wá àga náà bí ìgbà téèyàn ń wá a nínú òkùnkùn, tó bá kàn yín ẹ má jókòó tán, ẹ dìde padà." Ẹ̀rín pa wọ́n, ṣùgbọ́n ìdí lọ sẹ́yìn, àyà tẹ̀ síwájú díẹ̀, orúnkún tẹ̀lé ọmọ ìka ẹsẹ̀, láìjẹ́ pé mo sọ ìkankan nínú ẹ̀. Ti èémí yẹn náà, mi ò sọ pé "ẹ mí" rárá, mo ní kí wọ́n máa ka iye ẹ̀ sókè ketekete bí wọ́n ṣe ń dìde, torí kò sẹ́ni tó lè sé èémí kó tún máa ka nọ́ńbà jáde.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Wọn ò pa ọjọ́ kan jẹ nínú ọjọ́ iṣẹ́, ìrìn nìkan ni wọ́n pa jẹ lẹ́ẹ̀mejì. Ara ro wọ́n díẹ̀, kò le.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni ìjì dé. Aago mẹ́wàá alẹ́, mo ti ń múra àtisùn, fóònù dún, ohùn wọn ti yí padà: "Kóòṣì, mo wọn ara mi, kílò 97 àti díẹ̀! Mo tún wá sanra sí i! Láti ọ̀la mi ò ní jẹun alẹ́ mọ́, ojoojúmọ́ ni kí o máa lò mí." Kílò 97.2 ni. Mi ò bẹ̀rẹ̀ àlàyé ní òru yẹn, ẹni tó ń sunkún ò gbọ́ ìṣirò. Mo kàn ní "Ẹ sọ̀ kalẹ̀ lórí síkéèlì yẹn mà, ẹ lọ sùn, ẹ mú ara yín wá lọ́la, èmi náà á mú téèpù."

Lọ́jọ́ kejì ìbàdí wọn jẹ́ 107.5. Àga, wọ́n dìde nígbà 11, ọwọ́ ò kan itan. Ìgbà yẹn ni mo tó ṣàlàyé. Iṣan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí iṣẹ́ máa ń kó ṣúgà tirẹ̀ pamọ́ sínú, glycogen lorúkọ ẹ̀, gíráàmù kan nínú ẹ̀ sì máa ń di omi bíi gíráàmù mẹ́ta mú. Iṣan tó ń tún ara ẹ̀ ṣe náà máa ń wú díẹ̀, omi nìyẹn náà. Nǹkan oṣù wọn sì ti sún mọ́lé, ọ̀pọ̀ obìnrin lara wọn máa ń fa omi sára nírú àsìkò bẹ́ẹ̀. Mo ní "Kílò kan ọ̀rá tó nǹkan bíi kálórì 7,700, kẹ́ ẹ tó fi ọ̀rá wúwo sí i tó kílò 1.2, ẹ máa ti jẹ bíi 9,000 lé lórí èyí tára yín ń lò, nígbà wo lẹ jẹ ẹ́?" Wọ́n dákẹ́, wọ́n wo téèpù yẹn, wọ́n ní kí n tún un wọ̀n. Mo tún un wọ̀n. 107.5 náà ni.

Wọ́n tún bi mí pé báwo ni agbára ṣe yára wá tó bẹ́ẹ̀, ṣé iṣan ti pọ̀ ni. Rárá o. Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́, ọpọlọ ló ń kọ́ bó ṣe máa pe iṣan tó pọ̀ jáde síṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹran ara fúnra ẹ̀ á ṣì máa bọ̀ lẹ́yìn. Ẹ̀bùn ni àsìkò yẹn jẹ́ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kó rí i ní nọ́ńbà, torí síkéèlì ò ní fi hàn án.

Àwọn kan nínú wa máa ń gba síkéèlì lọ́wọ́ oníbàárà pátápátá. Èmi ò fara mọ́ ọn, ẹni tó fẹ́ wọn ara ẹ̀ á wọ̀n ọ́n níbòmíì. Ohun tá a ṣe ni pé ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni wọ́n á gùn ún, láàárọ̀, tí wọ́n bá ti tọ̀ tán kí wọ́n tó jẹun, a ó ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, a ó pín in sí mẹ́ta, nọ́ńbà yẹn nìkan la ó máa bá sọ̀rọ̀. Téèpù lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì, àga lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Ariwo síkéèlì rọlẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin la fọwọ́ kan oúnjẹ, kì í ṣe ṣáájú, torí ẹni tó bá yí ìrìn, iṣẹ́ àti oúnjẹ padà lọ́jọ́ kan náà kò ní mọ èwo ló ń rẹ òun. Mo ní kí wọ́n kọ gbogbo ohun tó bá kan ẹnu wọn fún ọjọ́ mẹ́ta. Nǹkan méjì yọ jáde: ohun mímu dídùn igo méjì lójúmọ́, àti àjẹkù ọmọ tí wọn ò kà sí oúnjẹ rárá. Mo ṣírò fún wọn pé ìrìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú fún ẹni tó tó wọn máa ń jó nǹkan bíi kálórì 170, igo ohun mímu dídùn kan tó jẹ́ ìdajì lítà sì máa ń ní bíi 200. Wọ́n lanu. "Tó túmọ̀ sí pé mo rìn, mo tún wá fi owó ra ìrìn náà padà mu." Mi ò lè sọ ọ́ dáadáa ju bẹ́ẹ̀ lọ. Omi rọ́pò igo méjèèjì láàárín ọ̀sẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohun tó ní pùrótéènì tó àtẹ́lẹwọ́ wọn sínú oúnjẹ kọ̀ọ̀kan, ó tán. Mi ò fún wọn ní ìwé àkọsílẹ̀ oúnjẹ kankan.

Àṣìṣe tèmi wá dé ní ọ̀sẹ̀ keje. Nǹkan ń lọ dáadáa, kílò ti wọ 94, sẹ́ẹ̀tì ti di méjì, tìmùtìmù ti di ẹyọ kan, inú mi ń dùn, ibi tí inú kóòṣì bá ti ń dùn jù ni kó ti ṣọ́ra. Lọ́sẹ̀ kan ṣoṣo yẹn mo fi ìrìn kún láti ìṣẹ́jú 25 sí 45, mo ní kí wọ́n máa gun àtẹ̀gùn, mo tún fi fífò kékeré sí i. Ọjọ́ karùn-ún, iwájú orúnkún ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n, ó ń le jù tí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Wọn ò sọ fún mi, ojú wọn ni mo rí nígbà tí wọ́n fẹ́ jókòó. Mo ní "Ó ti tó ọjọ́ mélòó?" Wọ́n ní ọjọ́ mẹ́ta, pé àwọn ò fẹ́ kí n rò pé àwọn ti tún bẹ̀rẹ̀ àwáwí.

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju orúnkún lọ. Mo tọrọ gáfárà, mo ní èmi ni mo ṣì í, mo yí nǹkan mẹ́ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Fífò kúrò nílẹ̀ pátápátá, àtẹ̀gùn kúrò, ìrìn padà sí ìṣẹ́jú 20 lórí ilẹ̀ tó tẹ́, tìmùtìmù méjì padà sórí àga, a fi rọ́bà sí òkè orúnkún kí wọ́n máa fi rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́-lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ìbàdí lè gbé lára iṣẹ́ náà. Òfin wa ni pé ìrora tó bá ju mẹ́ta lọ nínú mẹ́wàá, ẹ dúró, èyí tó bá sì ṣì wà títí di ọjọ́ kejì, iṣẹ́ ti pọ̀ jù nìyẹn. A ti jọ sọ ọ́ pé tó bá wú tàbí tó bá ń yẹ̀ lábẹ́ wọn, ọ̀dọ̀ dókítà ni, kì í ṣe ọ̀dọ̀ mi. Kò wú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló gbà wá kó tó lọ. Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2005 lórí àwọn àgbàlagbà tó sanra tí orúnkún ń dùn fi hàn pé gbogbo kílò kan téèyàn bá sọ̀ máa ń gbé bíi kílò mẹ́rin kúrò lórí orúnkún nínú ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Mo sọ ìyẹn fún wọn, wọ́n fi ọwọ́ gbá orúnkún ọ̀tún, wọ́n ní "Ìwọ, ṣé o gbọ́?"

Ọ̀sẹ̀ kọkànlá ló wá jẹ́ ìkóríta gan-an, bẹ́ẹ̀ kò sí nǹkan ńlá kan tó ṣẹlẹ̀ tẹ́ni tó ń wò láti ìta máa rí. Ọmọ wọn ṣàìsàn, iṣẹ́ ọ́fíìsì sì kún wọn lọ́wọ́, ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko ni mi ò fi rí wọn. Nínú ìtàn tiwọn, bó ṣe máa ń parí nìyí, ọjọ́ kan á bàjẹ́, ọ̀sẹ̀ á bàjẹ́, ojú á wá tì wọ́n láti padà. Ṣùgbọ́n nígbà tí orúnkún ń dùn wọ́n, a ti jọ kọ nǹkan kan sílẹ̀ tá a pè ní "ètò ọjọ́ burúkú": dídìde mẹ́fà lórí àga, púṣọ́ọ̀pù ògiri mẹ́fà, ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún, ó parí. Kì í ṣe torí kálórì. Kí okùn má ṣáà já ni.

Wọ́n fi fóònù ránṣẹ́ sí mi lọ́jọ́ kẹrin, àwòrán àga oníke kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọmọ, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lábẹ́ ẹ̀: "Mẹ́fà." Nínú ọjọ́ mẹ́sàn-án yẹn, wọ́n ṣe é lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ìwádìí kan wà tí wọ́n ṣe ní University College London, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 2010, wọ́n tẹ̀ lé àwọn èèyàn 96 tó ń kọ́ àṣà tuntun, ọjọ́ 66 ló gbà ní ìpíndọ́gba kó tó mọ́ wọn lára, ẹlòmíì ọjọ́ 18, ẹlòmíì sì máa lò tó 254, pípa ọjọ́ kan jẹ kò sì ba nǹkan jẹ́. Mo ti mọ ìwádìí yẹn tipẹ́, ẹnu lásán ni mo fi ń sọ ọ́ títí mo fi rí àwòrán àga yẹn.

Lẹ́yìn ìyẹn mi ò ní ìtàn púpọ̀ láti sọ. Láti ọ̀sẹ̀ kẹẹ̀ẹ́dógún sí ìkejìdínlógún kílò dúró gbọin, wọn ò pè mí ní òru, wọ́n kàn ní "Téèpù ńkọ́?" A fi sẹ́ẹ̀tì kẹta kún un, dọ́ḿbẹ̀lì rọ́pò báàgì, ìrìn wá dúró sórí ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹrìndínlógún, nǹkan kan ṣoṣo ni mò ń yí lẹ́ẹ̀kan báyìí.

Ní ìparí ọ̀sẹ̀ kẹrìnlélógún, kílò 88.1. Kílò mẹ́jọ ó dín díẹ̀ ni wọ́n sọ̀, bíi ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún ara wọn, bẹ́ẹ̀ láti ìdá márùn-ún ni ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í dáa. Ìbàdí 99, ó ṣì ju 88 lọ, mi ò purọ́ fún wọn. Àga, 17 láàárín ìṣẹ́jú àáyá 30. Púṣọ́ọ̀pù ti kúrò lára ògiri dé etí tábìlì, mẹ́wàá. Dọ́ḿbẹ̀lì kílò 12 lọ́wọ́ kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi ń rìn bíi mítà 40 láìsọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ọwọ́ dókítà ló wà, mi ò dá sí i.

Ẹ̀yin kóòṣì ẹgbẹ́ mi, tẹ́ ẹ bá bi mí pé kí ló ṣiṣẹ́, ẹ má wo nǹkan márùn-ún yẹn, ẹnikẹ́ni lè kọ ọ́. Ẹ wo bí mo ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdánù wọn lẹ́ẹ̀mejì: ní ọ̀sẹ̀ kẹta, torí mi ò sọ fún wọn ṣáájú pé síkéèlì lè gòkè, ọ̀rọ̀ tó yẹ kí n ti sọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ní ọ̀sẹ̀ keje, torí mo yí nǹkan mẹ́ta pọ̀, tí mi ò sì tíì fi hàn wọ́n pé wọ́n lè sọ fún mi tí nǹkan bá ń dùn wọ́n. Oníbàárà tó ti kùnà rí máa ń fi ìrora pa mọ́, ẹ má dúró dìgbà tó bá sọ, ẹ máa béèrè ní gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá pàdé, ẹ máa wo ojú ẹ̀ nígbà tó bá ń jókòó.

Ní báyìí, kí n tó kọ ètò fún ẹnikẹ́ni, ìbéèrè kan ni mo fi ń ṣáájú: lọ́jọ́ tọ́mọ ṣàìsàn, tí iná lọ, tí ọ̀gá ń pariwo, tó ti rẹ̀ yín tẹnutẹnu, kí lẹ ṣì lè ṣe? Ọ̀pọ̀ wọn máa ń tijú ìdáhùn náà. Ẹnì kan sọ fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá pé òun lè dìde lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Mo kọ mẹ́rin sí òkè ìwé, mo fa ìlà sábẹ́ ẹ̀, a bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.